Ife Kan Lójúmọ́

Orúkọ ilé ọtí méjìlélógún ló wà nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ. Mo to gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo kun oníkálukú: àwọ̀ ewé fún èyí tí wọ́n ti ń mú àlejò wọ inú ilé ìpọntí, àwọ̀ ìyeyè fún èyí tí a kàn máa jókòó mu, pupa fún èyí tí n kò tíì mọ bí a ṣe máa débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà la ní ní Bàfáríà, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé bí a bá ń tètè jí, tí a ò sì jókòó pẹ́ níbì kankan, a lè fojú kan méjìdínlógún nínú wọn. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Iléṣà lórí WhatsApp, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tó gba ipò kìíní.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó pè mí.

"Àlàó, mo rí ìwé rẹ. O kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ní ife kan ni kí n máa mu lójúmọ́."

"Ife kan báwo, Bàbá?"

"Ife kan. Ìdajì lítà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ìyá rẹ wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ ọ́."

Ìyá mi tó wà níbẹ̀ yẹn ló parí gbogbo ẹjọ́. Ọjọ́ mẹ́fà, ife mẹ́fà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi pọn bíà. Ní 1978 ni wọ́n wọ ilé iṣẹ́ ọtí kan nílẹ̀ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ìgò, nígbà tí wọ́n sì máa fẹ̀yìn tì ní 2009, wọ́n ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń bojú tó ìpọntí fúnra rẹ̀. Inú òórùn ọkà gbígbóná ni mo dàgbà sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ wá láti ìhà ilé iṣẹ́ yẹn, ilé wa á kún fún un, n kò sì mọ̀ pé òórùn iṣẹ́ ẹnì kan ni. Mo rò pé bí àárọ̀ ṣe máa ń rùn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wá kí wa ní Manchester, mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n tún fẹ́ rí ní ìhà ibí. Mo ti múra sílẹ̀ de Jerúsálẹ́mù. "Weihenstephan ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì pè é wẹ́rẹ́ bí ẹni ń pe Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Orúkọ yẹn, ti ilé ìpọntí kan ní Bàfáríà, ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́ nígbà èwe wọn.

Ẹni tó bá ń múra láti kiri ilé ọtí ní Bàfáríà, àìsàn tó kọ́kọ́ máa ń ṣe é ni ojúkòkòrò. Nǹkan bí 600 ilé ìpọntí ló wà ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Abúlé kan wà ní òkè àríwá rẹ̀, Aufseß, tí àwọn ará ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì, ilé ìpọntí mẹ́rin ló sì ń pọntí fún wọn. Tí o bá ka irú nǹkan báyìí lóru, oorun kò ní kùn ọ́ mọ́, o ó máa fi orúkọ kún orúkọ. Ọ̀rọ̀ dókítà gba ojúkòkòrò yẹn lọ́wọ́ mi. N kò bi ara mi mọ́ pé mélòó la lè rí. Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé èwo ló tó kí bàbá mi ná ife òní lé lórí.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé kì í rọrùn fún mi láti fagi lé nǹkan. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún ọtí Oktoberfest kò tilẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Láti 1810 tí àrẹ̀mọ Ludwig ti gbé Therese níyàwó ni wọ́n ti ń pagbo rẹ̀ ní Munich, ilé ìpọntí mẹ́fà péré, tí gbogbo wọn jẹ́ ti ìlú náà, ni wọ́n sì gbà láyè láti ta ọtí níbẹ̀. Lítà kan gbáko ni ife wọn, Mass ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ ọjọ́ méjì bàbá mi nìyẹn nínú ife kan, láàárín ariwo fèrè. Kò tilẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí a máa lọ: oṣù Karùn-ún ni tiwa.

Ohun kejì tí mo fagi lé á ya àwọn kan lẹ́nu: ìbẹ̀wò inú ilé ìpọntí. Mo ti ṣe mẹ́rin irú rẹ̀ ní England àti Belgium, ẹni tó bá sì ti rí ọ̀kan ti rí mẹ́wàá. Wọ́n á ní kí ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n á fi táǹkì irin tó ga bí ilé alájà méjì hàn yín, ẹ ò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí sígò á máa pariwo débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohun tí afinimọ̀nà ń sọ, ẹ ó sì bá ara yín nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo la máa ṣe, ní Freising, ìlú tí Weihenstephan wà. Ibi yòókù, ká jókòó nídìí tábìlì. Ẹ̀rọ wọn kò yàtọ̀ síra. Ọtí tó ń jáde nínú ẹ̀rọ náà àti bí wọ́n ṣe ń mu ún ló yàtọ̀ láti abúlé dé abúlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá máa mutí kì í wakọ̀, nítorí náà ojú irin la máa gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ń pè ní Bayern-Ticket, ó lè gba èèyàn márùn-ún, ẹ ó fi rìn káàkiri ìpínlẹ̀ náà látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹ bá ti lè fara mọ́ ọkọ̀ tó ń dúró ní gbogbo abúlé. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá mi ń jí ní aago márùn-ún láti gbàdúrà. Bí aago mẹ́fà bá máa lù, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ kóòtù, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń sùn. Wákàtí mẹ́ta gbáko lójoojúmọ́. Ẹ fi ìyẹn kún ètò yín bí ẹ bá máa mú àgbàlagbà dání.

Ẹ mú owó bébà dání náà. Ilé ọtí abúlé púpọ̀ ni kò fẹ́ rí káàdì.

Munich ni ife kìíní. Ilé ọtí Augustiner la lọ, tí wọ́n ní àwọn mọ́ńkì (àwọn ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì tó ń gbé pọ̀ nínú ilé àdúrà) dá sílẹ̀ ní 1328, inú àgbá onígi ni wọ́n sì ti fà á fún wa. Bàbá mi ní, "Ó mọ́." Ìyìn ńlá nìyẹn lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù nípa ọjọ́ yẹn kò sí nínú ife. A ń rìn padà sí òtẹ́ẹ̀lì, a gba ẹ̀yìn ilé ìtajà bàtà kan, a rí ilẹ̀kùn irin kan tí wọ́n kọ LAGER sí gàdàgbà. Bàbá mi dúró.

"Ṣé ọtí ni wọ́n ń tà níbí ni?"

"Rárá, Bàbá. Ibi tí wọ́n ń kó bàtà pamọ́ sí ni. Bí wọ́n ṣe ń pe ilé ìkẹ́rùsí nìyẹn lédè wọn."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún kà á, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni wọ́n wí. "Lára ìgò ni mo ti ń rí i lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé sítọ́ọ̀ ni."

Sítọ́ọ̀ ni lóòótọ́, òfin ló sì bí i. Ní 1553 ni àwọn aláṣẹ Bàfáríà pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọntí láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, nítorí ooru ń ba ọtí jẹ́, iná sì ń jó ilé. Àwọn apọntí wá ń pọn ọ̀pọ̀ rẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi kọjá. Ìwúkàrà tó lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù nìkan ló yè é, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọtí náà mọ́ kedere. Wọ́n gbin igi eléwé gbòòrò sórí ihò náà kí òòrùn má baà pa á, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sábẹ́ igi, àwọn olóúnjẹ ìlú bínú pé wọ́n ń gba oníbàárà àwọn, ni ọba Max Joseph bá dá sí i ní 1812: àwọn apọntí lè ta ọtí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ ta oúnjẹ ju búrẹ́dì lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbé oúnjẹ tiyín lọ jẹ lábẹ́ igi náà títí dòní. (A gbé mọ́ínmọ́ín lọ. Àwọn tó jókòó tì wá tọ́ ọ wò.) Ọmọ Bàfáríà kan, Josef Groll, ló gbé ọgbọ́n òtútù yìí lọ sí Plzeň ní ilẹ̀ àwọn Czech, tó pọn bíà aláwọ̀ wúrà àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1842, ìyẹn ni gbogbo ayé sì ń fara wé. Ìgò Star àkọ́kọ́ tó jáde ní Èkó ní 1949, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kejì ni Freising. Orí òkè ni Weihenstephan wà, yunifásítì yí i ká, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìpọntí ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára wa. Àwọn mọ́ńkì ló ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1803, ìjọba Bàfáríà ló sì ni ín dòní. Wọ́n ní láti 1040 ni wọ́n ti ní ìwé àṣẹ, pé kò sí ilé ìpọntí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láyé tó dàgbà tó tiwọn. Àwọn òpìtàn kan ní ẹ̀yìn wá ni wọ́n kọ ìwé yẹn. Weltenburg, tí a máa lọ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ní 1050 ni tòun, òun sì ni àgbà nínú ti àwọn mọ́ńkì. Bàbá mi gbọ́, wọ́n mi orí: "Ìjà oyè dé ibí náà!"

Ọmọbìnrin kan ló mú wa kiri, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Nígbà tó dé ìdí ìkòkò bàbà ńlá, ó gbé abọ́ ọkà kan yí ká kí kálukú bù díẹ̀ jẹ. Ọkà bálì ni, tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n wá fi ooru gbẹ. Àwọn tó kù da tiwọn sẹ́nu, wọ́n ń rún un, wọ́n ní ó dùn bíi bisikíìtì. Bàbá mi mú hóró kan ṣoṣo. Wọ́n fi èékánná ya èèpo rẹ̀, wọ́n gbé èèpo náà sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́tọ̀, wọ́n fi eyín iwájú gé hóró náà sí méjì, wọ́n wo inú rẹ̀ bóyá ó funfun dé ìdí. Àwọn yòókù ti lọ síwájú.

"Wo èèpo yìí," ni wọ́n wí fún mi. "Èyí tó pa wá lẹ́kún nìyí."

Ní 1988 ni ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó bálì wọlé. Owó ilẹ̀ òkèèrè ti dọ́wọ̀ọ́n, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ ọtí tó bá fẹ́ wà láàyè, kó lọ wá ọkà tó ń hù lóko wa: bàbà àti àgbàdo. Mo kéré nígbà náà. Ohun tí mo rántí kò ju pé Bàbá ń wọlé lóru, ìyẹ̀fun pupa wà ní irun wọn, ìyá mi kì í sì í bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi jẹun tán. Freising ni mo ti wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bálì ní èèpo, èèpo yẹn sì ni asẹ́ rẹ̀: tí wọ́n bá ti po ọkà pọ̀ mọ́ omi gbígbóná tán, èèpo á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, omi dídùn á jò gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọkà bàbà ò ní èèpo bẹ́ẹ̀. "Tí o bá pò ó tán, ó di ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ gidi! Báwo lo ṣe fẹ́ sẹ́ ẹ̀kọ tó ti dì?" Ooru tó máa ń jinná bálì kò tó o, agbára tó ń sọ ọkà di ṣúgà kò sì pọ̀ nínú rẹ̀ tó ti bálì, wọ́n ní láti ra èyí tí wọ́n máa dà sí i. Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n wá fi ń fún un láàárín aṣọ, bí ẹní ń fún gàrí. Ìkòkò mélòó kan ni wọ́n dà nù kó tó di ọtí. Síbẹ̀, ó di ọtí. Ẹ̀yin tí ẹ mutí níbi ìnáwó ní 1990, ọtí bàbà bàbá mi lẹ mu.

Wọ́n sáré bá ọmọbìnrin náà, ó ń sọ̀rọ̀ nípa òfin wọn ti 1516 lọ́wọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ní Ingolstadt, ni àwọn Duke méjì, Wilhelm àti Ludwig, kéde rẹ̀ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ inú bíà àfi bálì, òdòdó hops àti omi. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ ìwúkàrà. Bàbá mi bi í pé bí òun bá fi ọkà bàbà pọn ọtí níbí ńkọ́? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pé wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n pè é ní bíà.

"Èmi náà," ni Bàbá dá a lóhùn, "bí mo bá fi bálì pọn ọn nígbà tiwa, ọ̀rọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù." Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́: "Ìkòkò bàbà ni wọ́n ní, wọn ò ní ọkà bàbà."

N kò mọ bí mo ṣe máa túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Jámánì, mo kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ife ọjọ́ náà la tó rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Òfin 1516 yẹn, wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan mímọ́, ó wà lára ìgò, ó wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n tí o bá kà á, ó tún dá iye tí wọ́n lè ta ife kan lé, wọ́n sì fẹ́ kí àlìkámà ṣẹ́kù fún búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti owó ni, bíi ti 1988. Ọtí tó sì wà nínú ife bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, àlìkámà ni wọ́n fi pọn ọ́n! Ìdí ni pé ní 1602, Duke Maximilian gba ẹ̀tọ́ ọtí àlìkámà fún ìdílé tirẹ̀ nìkan, ó ń pa owó gọbọi lórí ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ dán wò. Ó di 1872 kí apọntí kan, Georg Schneider, tó gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ilé ọba. Bàbá mi gbé ife náà sókè, wọ́n wo ìfòfó rẹ̀ tó nípọn bí ọṣẹ. "Ẹni tó ṣòfin ló ní ẹ̀yìnkùlé òfin," ni wọ́n wí, wọ́n sì mu ún.

Weltenburg ni ọjọ́ kẹta. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé kí n mú wọn lọ sí Andechs, ọtí àwọn mọ́ńkì tibẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n orí òkè ni, orókún bàbá mi kò sì fẹ́ràn òkè mọ́ lẹ́yìn ti Freising. Weltenburg, omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kelheim, odò Danube á gba àárín òkúta funfun gàgàrà kọjá, níbi tó ti fún jù lẹ ó máa rò pé ọkọ̀ máa fara gbá ògiri, lójijì ni ilé àwọn mọ́ńkì á yọ lórí yanrìn ní kọ̀rọ̀ odò. (Ọkọ̀ náà kì í rìn ní ìgbà òtútù, ẹ ṣọ́ra.) Ara ògiri ni wọ́n ti fàlà sí ibi tí odò dé nígbà tó kún wọlé.

Ohun kan wà tí bàbá mi kì í sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa orúkọ wọn kalẹ̀ láti jẹ díákónì nínú ìjọ wa, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó ń pọntí kò lè máa gbé àwo ìdáwó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, ó ti pẹ́. Wọn kò dá owó ìdámẹ́wàá rẹ̀ padà ní tiwọn. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ti dàgbà.

Ní Weltenburg, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilẹ̀kùn ilé ọtí wà nínú àgbàlá kan náà. Mo rò pé a máa wo ṣọ́ọ̀ṣì náà fìrí, nítorí ọkọ̀ ń padà lọ. Ilé tí àwọn Asam, ọmọ ìyá méjì, ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni, wúrà látòkè délẹ̀, Jọ́ọ̀jì mímọ́ lórí ẹṣin níbi pẹpẹ, ìmọ́lẹ̀ ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ó ń bọ̀ wá bá ọ. Bàbá mi jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Wọ́n ṣí fìlà. Ọkọ̀ kìíní lọ. Mo jáde, mo wọlé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn mọ́ńkì yìí ti ń pọn ọ́n?"

"Láti 1050, Bàbá."

"Kò sì sí ẹni tó lé wọn nítorí ọtí."

N kò dáhùn, kì í ṣe ìbéèrè. Nígbà tó yá, mo sọ fún wọn pé nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, bíà tó lágbára ni àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Bàfáríà fi ń gbé ara ró, pé ohun mímu kì í ba ààwẹ̀ jẹ́ lójú wọn. Ìyẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí a fi dé ìdí tábìlì. Ọtí dúdú ni wọ́n mu níbẹ̀. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ gan-an.

Bamberg tẹ̀ lé e. Ìlú tó rẹwà ni, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ọtí kan ṣoṣo ló gbé wa débẹ̀. Schlenkerla ni orúkọ ilé náà, èéfín igi ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà tiwọn. Láyé àtijọ́, bíà tí kò ní èéfín díẹ̀ kò pọ̀, nítorí orí iná igi ni ọ̀pọ̀ ọkà ti ń gbẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, àwọn yòókù fi sílẹ̀, ti Bamberg kò fi sílẹ̀. Bí ọmọge tó gbé ife dé ti gbé e kalẹ̀, òórùn ẹja yíyan gba tábìlì. Bàbá mi ti ife náà sẹ́yìn díẹ̀. "Bí ìkòkò wa bá rùn báyìí, inú kòtò là ń dà á sí, a ó wá máa wá ẹni tó fà á." Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ mu ún tó mẹ́ta kó tó mọ adùn rẹ̀. Bàbá mi ní òfin ọlọ́kan. Wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n ní ó ku ata àti iyọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún ni ẹ̀bi mi. Mo ti fọkàn sí ilé ìpọntí abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, ọkọ̀ ojú irin kan, bọ́ọ̀sì kan, ẹsẹ̀ ogún ìṣẹ́jú láàárín oko. A débẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Jámánì méjì yìí, ẹ kọ wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀: Ruhetag, ìyẹn ọjọ́ tí ilé ọtí kan fi ń sinmi lọ́sẹ̀, kálukú ló sì ní tirẹ̀, àti Betriebsurlaub, ìyẹn ni pé gbogbo wọn ti gba ìsinmi lọ. Mo ti wo èkínní. Èkejì ni wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀kùn. Mo yẹ kí n fi fóònù pè wọ́n, n kò pè. Bọ́ọ̀sì míì kò sí fún wákàtí méjì. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń wo àwọn màlúù.

"Àlàó."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"N ò bínú. Ṣé ife òní ṣeé gbé lọ sí ọ̀la?"

Mo ní n kò rò pé bí dókítà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní dókítà kò sọ pé kò ṣeé gbé.

Windischeschenbach ló kẹ́yìn. Ìlú kékeré kan ni, ní ìhà ìlà-oòrùn, tòsí ààlà ilẹ̀ àwọn Czech. Àwọn tó ń kiri ọtí kì í sábà débẹ̀ nítorí kò sí orúkọ ńlá kankan níbẹ̀. Zoigl ni wọ́n ń pe ọtí wọn. Ilé ìpọntí àjùmọ̀ní ni wọ́n ń lò, iná igi ni wọ́n ń dá sábẹ́ ìkòkò rẹ̀, àwọn ìdílé kan sì ní ẹ̀tọ́ àtayébáyé láti pọntí níbẹ̀. Ilé ni ẹ̀tọ́ náà so mọ́, kì í ṣe èèyàn. Bí ìdílé kan bá ti sè tán, wọ́n á gbé omi ọkà náà lọ sínú àjà ilẹ̀ ilé tiwọn, ibẹ̀ ló ti máa di ọtí. Bó bá tó mu, wọ́n á gbé ìràwọ̀ oníka mẹ́fà kọ́ síwájú ilé, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni lè wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sọ ìràwọ̀ náà kalẹ̀, á kan ìdílé míì.

Ìràwọ̀ yẹn ni bàbá mi kọ́kọ́ rí bí a ṣe yà ní kọ̀rọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n na ọ̀pá sí i: "Star! Títí dé ibí?" Ilé iṣẹ́ tó ń bá Star figagbága ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, kò tíì tán nínú wọn.

Yàrá tí a wọ̀, ó dà bíi pálọ̀ ẹnì kan, nítorí pálọ̀ ni. Àwòrán ìgbéyàwó wà lára ògiri. Kò sí tábìlì tó ṣófo, wọ́n ní ká fún ara wa pọ̀, a jókòó sáàárín àwọn bàbá mẹ́ta àti ìyá arúgbó kan tó ń hun ìbọ̀sẹ̀. A ti kọ́kọ́ fẹ́ jókòó sí ti ẹ̀gbẹ́ iná, onílé rọra fọwọ́ kan èjìká mi: àwọn kan ló ni ín, ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀. Bàbá mi ti kúrò kó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n mọ àga bàbá onílé nídìí agbè ẹmu. Ọtí náà kò dán bíi ti Munich, ó dúdú díẹ̀, gáàsì rẹ̀ kò pọ̀, ó dà bí nǹkan tí ẹnì kan sè. Bàbá mi mu ẹnu mẹ́ta, wọ́n gbé ife kalẹ̀.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí.

N kò rí ìyá bàbá mi rí. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń pọn ní Iléṣà. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á tẹ́ ewé sílẹ̀, wọ́n á da àgbàdo lé e títí á fi hù, àwọn ọmọ á máa lé adìyẹ. Obìnrin mẹ́rin ló ń pọn ọ́n ní àdúgbò náà, wọn kì í pọn ọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà kí ọjà má baà ba ara wọn jẹ́. Bàbá mi ni wọ́n ń rán lọ wò ó bóyá ti ìyá tó wà lókè ti kan. Gbogbo èyí ni wọ́n ń sọ fún ìyá arúgbó tó ń hun ìbọ̀sẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ń fi Jámánì dáhùn, wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Nígbà tí onílé tún gbé ife dé, bàbá mi kò wò mí.

"Ti àná ni," ni wọ́n wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Kàlẹ́ńdà wà tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń sọ ilé tí ọtí máa kàn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Onílé fún wọn ní ọ̀kan. Ó ti wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Iléṣà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá pè láti kí wọn, ìyá mi á gba fóònù, á sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti owó iná, á wá gbé e fún Bàbá. Wọn kì í kọ́kọ́ kí mi. Mo máa ń gbọ́ ìró bébà bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

"Àlàó, ilé ta ni wọ́n gbé ìràwọ̀ kọ́ sí lónìí?"